Bí mo ṣe kọmpáìlì CMake 3.16 sórí CentOS 6 tó jẹ́ 32-bit

Kọ̀ǹpútà kan wà ní lábù kan, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa gba dátà látinú ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n so mọ́ ọn, CentOS 6.10 (irú Linux kan) ló wà lórí ẹ̀, 32-bit, mẹ́mọ́rì ẹ̀ ò ju 1GB lọ, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n pa OS yẹn rẹ́ kí wọ́n fi tuntun síbẹ̀, torí dráífà ẹ̀rọ ìwọ̀n náà, kernel (ọkàn OS) 2.6.32 nìkan ló mọ̀, àwọn tó tà á ò sì ṣe òmíì mọ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti fẹ́ sọ pé "ẹ upgrade jàre". Kò ṣeé upgrade. Gbogbo wa la mọ̀ pé CentOS 6 ti kógbá wọlé láti 30 November 2020, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí máa rí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi tí iṣẹ́ bá wà ni wọ́n ń ṣí i fún un díẹ̀, wọ́n á tún tì í pa.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ò pọ̀. Library kan (kọ́ọ̀dù tí ètò míì máa ń lò) ló ń ka fáìlì tí ẹ̀rọ ìwọ̀n náà ń kọ, ẹ̀yà tuntun ẹ̀ ti tún bug kan ṣe tó ń gé ìparí fáìlì wọn jẹ, wọ́n gbé source ẹ̀ (kọ́ọ̀dù tí wọn ò tíì kọmpáìlì) síbẹ̀, wọ́n ní kí cmake, irinṣẹ́ tó ń ṣètò bí wọ́n á ṣe kọmpáìlì ètò, máa bá iṣẹ́ lọ, ó ní:

CMake Error at CMakeLists.txt:1 (cmake_minimum_required):
CMake 3.13 or higher is required. You are running version 2.8.12.2

Àbúrò mi kan ló ń bójú tó ẹ̀rọ náà, òun ló pè mí. Kó tó pè mí ó ti dán nǹkan kan wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti yí 3.13 yẹn sí 2.8 nínú CMakeLists, ó kọjá ibẹ̀ o, àmọ́ ó tún ti há níwájú." Ibi tó há sí nìyí:

Unknown CMake command "target_link_options".

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe ohun tó ṣe yẹn, mi ò bá a wí. Nígbà míì, ẹni tó kọ nọ́ńbà yẹn kàn kọ ẹ̀yà tó bá lórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá dín in kù, gbogbo ẹ̀ á ṣiṣẹ́, kò ní sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n target_link_options, CMake 3.13 ló kọ́kọ́ gbé e jáde, òun àti target_link_directories, àti -S pẹ̀lú -B tí gbogbo èèyàn ń lò báyìí. Library yìí nílò 3.13 lóòótọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá máa fi 2.8 ṣe é á kọ́kọ́ jókòó tún CMakeLists yẹn kọ, tí ẹ̀yà míì bá jáde lọ́la, á tún jókòó. Ta ló fẹ́ ìyẹn.

Ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló dé tí a ò kàn gba CMake tí wọ́n ti kọmpáìlì sílẹ̀. Èyí tó wà ní cmake.org fún Linux, ti 32-bit ò kọjá 3.6, látìgbà yẹn 64-bit ni wọ́n ń gbé síta. Wheel (pákéèjì Python) wà lórí PyPI, ojúlé pákéèjì Python, tó jẹ́ i686, ìyẹn 32-bit, fún àwọn ẹ̀yà kan, wheel sì rèé zip lásán ni, ẹ lè tú u kẹ́ ẹ mú cmake inú ẹ̀ jáde kódà tí pip ò bá ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni ẹ̀rọ yìí ni, ibẹ̀ ni mo máa parí ẹ̀ sí, màá sì lọ sùn. Àmọ́ lábù yìí ní òfin: ohun tí ẹlòmíì kọmpáìlì kò gbọdọ̀ wọ orí ẹ̀rọ náà, àfi tó bá ti ọ̀dọ̀ CentOS fúnra ẹ̀ wá. Source nìkan, kí checksum ẹ̀ (àmì tó ń fi hàn pé fáìlì ò yí padà) pé, kí iṣẹ́ náà sì ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà gan-an. Kò burú. Òfin ni òfin.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí o, tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi irinṣẹ́ tuntun sórí OS àgbà, ẹ má kọ́kọ́ wo èyí tó tuntun jù, ẹ wo èyí tó jáde nígbà tí OS yẹn ṣì wà láyé, tí àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ náà ṣì ń rántí ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ kọ́ọ̀dù. CentOS 6 kú ní November 2020. CMake 3.16 jáde ní November 2019. Ó ju 3.13 tí library náà fẹ́ lọ, ó sì wà lásìkò tí CentOS 6 ṣì ń gba àtúnṣe. Mo mú 3.16.9. Kí ló dé tí mi ò mú 4.0? Yàtọ̀ sí ọjọ́ orí, CMake 4.0 ti yọ ọwọ́ kúrò nínú project tó bá ní ẹ̀yà tó kéré sí 3.5 ló nílò, ó máa ń kọ ọ́ pé Compatibility with CMake < 3.5 has been removed, á sì dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn project ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn, 2.8 ló wà nínú gbogbo wọn. A ò ní torí àtitún ọ̀kan ṣe ká ba mẹ́ta jẹ́.

Ẹni tí project tiẹ̀ bá fẹ́ 3.9 sísàlẹ̀, inú ẹ̀ kó dùn, torí CMake 3.9 ni ẹ̀yà tó gbẹ̀yìn tí kọmpáílà C++98 lè kọ́. Láti 3.10 lọ, C++11, ìlànà èdè C++ tó tuntun ju C++98 lọ, dandan ni. GCC, kọmpáílà tó wà nínú CentOS 6, sì jẹ́ 4.4.7. Ó ní -std=c++0x lóòótọ́, àmọ́ ìdajì ló mọ̀: lambda, 4.5 ló wọlé, nullptr àti for tó ń yí lórí list, 4.6, override, 4.7. Tẹ́ ẹ bá gbé 3.16 fún un báyìí, bootstrap, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ CMake, á kàn sọ pé

Cannot find a C++ compiler that supports both C++11 and the specified C++ flags.

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń tan èèyàn jẹ, ẹ á rò pé g++ ò sí lórí ẹ̀rọ ni, ẹ á lọ tún un gbé sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wà níbẹ̀, ó kàn ti dàgbà jù fún iṣẹ́ náà ni. Ẹ ṣí cmake_bootstrap.log, ẹ á rí gbogbo èyí tó dán wò àti ohun tí kọ̀ọ̀kan wọn fi ṣubú.

Ká tó lè kọ́ CMake, ká kọ́kọ́ kọ́ GCC nìyẹn. Tó bá jẹ́ 64-bit ni, mi ò bá ti lo devtoolset (GCC tuntun tí wọ́n ti kọmpáìlì sílẹ̀) látọ̀dọ̀ CentOS, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, òun gan-an ló rọrùn jù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 64-bit ẹ má wulẹ̀ dà bí ẹni tí ò gbọ́. Ti wa ò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mú GCC 4.8.5. Ẹ̀kọ́ kan náà ló wà nídìí ẹ̀: C++11 ti pé nínú ẹ̀ láti 4.8.1, àfi std::regex tó jẹ́ pé 4.9 ni wọ́n tó ṣe é dáadáa, òun náà sì ni CentOS 7 fi ṣiṣẹ́ títí tó fi kú. GCC 4.4 lè kọ́ èyí tó tuntun ju ìyẹn lọ o, títí dé GCC 10, torí C++98 ló tó láti kọ́ ọ, 11 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun fẹ́ C++11. Àmọ́ bó bá ṣe ń tuntun sí i náà ló ń tóbi sí i, 1GB la sì ní.

Yum, ètò tó ń gbé pákéèjì sórí CentOS, ló kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà ò ní gcc-c++ rárá, mo ní yum install gcc gcc-c++ make, ó dá mi lóhùn pé

YumRepo Error: All mirror URLs are not using ftp, http[s] or file.

Gbólóhùn yẹn ò nítumọ̀ sí ẹnikẹ́ni, ohun tó ń sọ ni pé ibi tí òun ti ń béèrè mirror (ojúlé tó ní ẹ̀dà àwọn pákéèjì), wọ́n ti yọ CentOS 6 kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣí /etc/yum.repos.d/CentOS-Base.repo, ẹ fi # síwájú gbogbo mirrorlist, kẹ́ ẹ wá kọ baseurl báyìí:

baseurl=http://vault.centos.org/6.10/os/$basearch/

Fún updates, ẹ fi updates rọ́pò os. Lẹ́yìn náà yum clean all, ó parí. Mo fi m4 àti bzip2 kún ohun tí mo ní kó gbé, ẹ á rí ìdí tí mo fi fi m4 sí i láìpẹ́.

Àwọn source, mi ò wulẹ̀ gbìyànjú àti fi ẹ̀rọ yẹn gbà wọ́n. OpenSSL 1.0.1 ló wà lórí ẹ̀, ó sì ti di mímọ̀ pé láti ìgbà tí ìwé ẹ̀rí DST Root CA X3 ti kú ní 30 September 2021, àwọn OpenSSL àtijọ́ ò gba ọ̀pọ̀ ojúlé tó ń lo Let's Encrypt gbọ́ mọ́, ohun tí àwọn èèyàn á sì wá máa ṣe ni wget --no-check-certificate, tí wọ́n á fi root kọmpáìlì ohun tí wọn ò mọ ibi tó ti wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Mo fi laptop mi gbà wọ́n, mo fi sha256sum wo ti CMake sí fáìlì SHA-256 tí wọ́n gbé síta pẹ̀lú ẹ̀, mo wò ó léèkejì lórí ẹ̀rọ náà nígbà tó débẹ̀.

Àtidébẹ̀ gan-an fẹ́ di ọ̀rọ̀. Laptop mi, OpenSSH tuntun ló wà lórí ẹ̀, ti CentOS 6 jẹ́ 5.3, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn: no matching host key type found. Their offer: ssh-rsa,ssh-dss. Láti OpenSSH 8.8 ni wọ́n ti pa ssh-rsa tó ń lo SHA-1 tì. Ẹ fi -oHostKeyAlgorithms=+ssh-rsa sí scp yẹn nìkan, ẹ má kọ ọ́ sínú config fún gbogbo ayé.

Lẹ́yìn tí àwọn source dé orí ẹ̀rọ náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ni date. Ó ní ọdún 2010 la wà. Bátìrì inú ẹ̀rọ yẹn ti kú tipẹ́, wọn ò sì ka ìyẹn sí, torí ẹ̀rọ ìwọ̀n ní aago tiẹ̀. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. make ò ní ọgbọ́n kankan ju kó wo déètì lọ: tí fáìlì .o bá dàgbà ju .c tó bí i lọ, á ní wọn ò tíì kọ́ ọ, á tún un kọ́. Source GCC 4.8.5 ní déètì 2015 lára, ohun tí make bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ á gbé déètì 2010, ọmọ á wá ju ìyá lọ ní ọjọ́ orí, iṣẹ́ ò sì ní parí láéláé. Ó máa ń sọ fún yín pé Clock skew detected. Your build may be incomplete, àmọ́ ó máa ń rì sáàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tí ẹnì kankan ò kà. Mo fi date -s tún un ṣe, mo fi hwclock -w kọ ọ́ wọlé, mo sì ní kí àbúrò mi má pa ẹ̀rọ náà títí a ó fi parí.

GCC fẹ́ library ìṣirò mẹ́ta: GMP, MPFR àti MPC. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ tú wọn sínú fóldà source GCC gan-an, kẹ́ ẹ sọ wọ́n ní gmp, mpfr, mpc láìsí nọ́ńbà lára orúkọ wọn, òun fúnra ẹ̀ á bá wọn kọ́ ọ. Fún 4.8.5, gmp-4.3.2, mpfr-2.4.2 àti mpc-0.8.1 ni wọ́n kọ sínú contrib/download_prerequisites, mo sì mú un bó ṣe wà. GMP ló fẹ́ m4. Tí ò bá rí i á ní No usable m4, àmọ́ configure GCC á ti kọjá ní tiẹ̀, inú make lẹ́yìn ìgbà náà ló ti máa bú, ẹ á sì máa wá a nínú GCC nígbà tó jẹ́ pé GMP ló ń ké.

Ẹ má kọ́ GCC nínú fóldà source ẹ̀. Ẹ dá fóldà míì:

mkdir gcc-build && cd gcc-build
../gcc-4.8.5/configure --prefix=/opt/gcc-4.8.5 --enable-languages=c,c++
make -j2

Ẹni tó bá wà lórí 64-bit tó fẹ́ ṣe irú èyí, kó fi --disable-multilib kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa wá gnu/stubs-32.h kiri. Mi ò fi --disable-bootstrap sí i. Bí GCC ṣe máa ń ṣe ni pé kọmpáílà àtijọ́ á kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kọ́ yẹn á tún ara ẹ̀ kọ́, á tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, á wá fi ìkejì wé ìkẹta bóyá wọ́n bára mu. Tẹ́ ẹ bá pa á tì, àkókò á dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àgbà nìyí, mi ò mọ bí mẹ́mọ́rì ẹ̀ ṣe ṣe sí, ìfiwéra yẹn jẹ́ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún mi.

-j2 yẹn, tó ní kó ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́kọ́ kú sójú ọ̀nà: Killed (program cc1plus). Ẹni tí ò bá rí i rí á rò pé GCC ló bàjẹ́, torí wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́ ẹ lọ fi bug report ránṣẹ́. Ẹ tẹ dmesg, ẹ á rí Out of memory nísàlẹ̀, kernel ló pa á. Ẹ̀rọ náà ò ní swap (ibi lórí díìsìkì tó ń ṣe bíi mẹ́mọ́rì) kankan. Mo ṣe 2GB sílẹ̀ fún un:

dd if=/dev/zero of=/swapfile bs=1M count=2048
chmod 600 /swapfile
mkswap /swapfile && swapon /swapfile

mo wá dín in sí make lásán, láìsí -j, a fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ó parí, ìkejì àti ìkẹta bára mu, make install gbé e sí /opt/gcc-4.8.5, kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun ní /usr.

Ó wá kan CMake. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà torí òun ni kì í sí nínú àlàyé tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ.

export CC=/opt/gcc-4.8.5/bin/gcc
export CXX=/opt/gcc-4.8.5/bin/g++
./bootstrap --prefix=/opt/cmake-3.16.9 -- -DCMAKE_USE_OPENSSL=OFF

Ohun tó bá wà lẹ́yìn -- yẹn, ti CMake ni, kì í ṣe ti bootstrap. OpenSSL tí mo pa, ó ní ohun tó gbà lọ́wọ́ yín: cmake yẹn ò ní lè fa nǹkan látorí https, ẹni tó bá lo FetchContent tàbí file(DOWNLOAD) á rí Protocol "https" not supported or disabled in libcurl. Tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀, ẹ gbé openssl-devel láti vault, kẹ́ ẹ yọ ìlà yẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa mọ́, kí ló fẹ́ fi https ṣe?

Bootstrap rí kọmpáílà, inú wa dùn, ó ń kọ́ cmake kékeré kan sínú Bootstrap.cmk, torí bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, cmake kékeré yẹn ló máa wá ṣètò bí wọ́n á ṣe kọ́ cmake gidi. Ó kọ́ ọ tán. Bó ṣe fẹ́ lò ó báyìí:

/usr/lib/libstdc++.so.6: version `GLIBCXX_3.4.15' not found
/usr/lib/libstdc++.so.6: version `GLIBCXX_3.4.18' not found
Error when bootstrapping CMake:
Problem while running initial CMake

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. GCC 4.8.5 ní libstdc++ (library C++) tiẹ̀, ó wà ní /opt/gcc-4.8.5/lib, òun ló fi kọ́ cmake. Ṣùgbọ́n nígbà tí cmake fẹ́ ṣiṣẹ́, kì í ṣe GCC ló ń bá a wá library kiri mọ́, ẹlòmíì ni, ld.so, ld.so ò sì mọ /opt rí, /usr/lib ló mọ̀, ti GCC 4.4 ló wà níbẹ̀. Ẹ wò ó fúnra yín:

strings /usr/lib/libstdc++.so.6 | grep GLIBCXX

ó dúró sí GLIBCXX_3.4.13. Ti 4.8.5 dé 3.4.19. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni cmake ń béèrè tí kò rí.

Mo mọ ohun mẹ́ta tí èèyàn lè ṣe síbí. Àkọ́kọ́ ni LD_LIBRARY_PATH, tó máa ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, tí ẹni tó bá sì wá lò ó lọ́la láìrántí export yẹn á tún pè yín lóru. Ìkejì ni kẹ́ ẹ gbé libstdc++ tuntun lé ti /usr/lib lórí. Wọ́n máa ń ní kò séwu níbẹ̀ torí tuntun máa ń gba iṣẹ́ àtijọ́ ṣe, òótọ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ mi ò ní ṣe é lórí ẹ̀rọ tí kò sí CD tí wọ́n lè fi tún un gbé dìde. (Glibc, library C tí gbogbo ètò ń lò, ńkọ́? Ẹ má tiẹ̀ ronú kàn án. Tẹ́ ẹ bá gbé glibc míì lé ti ẹ̀rọ náà lórí tó sì ṣe àṣìṣe díẹ̀, ls gan-an ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, cp tẹ́ ẹ fẹ́ fi dá a padà ò ní ṣiṣẹ́, ẹ á kàn máa wojú ẹ̀ ni.) Ìkẹta ni mo mú, kí libstdc++ wà nínú cmake fúnra ẹ̀:

export LDFLAGS="-static-libstdc++ -static-libgcc"

Bootstrap ń ka LDFLAGS, cmake gidi náà á kà á nígbà tó bá ń ṣètò ara ẹ̀, wọ́n gbà á látòkèdélẹ̀. Libstdc++.a tó nílò, GCC tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ máa ń gbé e wá, kò sídìí fún pákéèjì míì. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fóldà cmake-3.16.9 yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ tún tar tú. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú Bootstrap.cmk àti CMakeCache.txt máa ń rántí àná, ẹ á yí LDFLAGS tì, á ṣáà máa ṣe ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bootstrap parí, make, make install. Mo fi ldd wò ó:

ldd /opt/cmake-3.16.9/bin/cmake | grep stdc

kò mú nǹkan kan jáde, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. cmake --version ní 3.16.9. Mi ò yọ 2.8 kúrò, àwọn project àtijọ́ ṣì ń lò ó, mo kàn kọ fáìlì kékeré kan sí /etc/profile.d tó fi /opt/cmake-3.16.9/bin síwájú PATH, ìyẹn àwọn fóldà tí wọ́n ti ń wá command.

Mo rò pé a ti parí ni fóònù fi dún. "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti padà sí 2.8 o." Mo ní kó ka ohun tó tẹ̀ fún mi. Ó tẹ sudo cmake. Sudo CentOS, secure_path wà nínú sudoers ẹ̀, /sbin, /bin, /usr/sbin àti /usr/bin nìkan ló ń wò, PATH tiyín ò kàn án. Mo ní ta ló ní kó fi root ṣètò project, ó ní bóun ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, make install nìkan ló yẹ kó gba sudo, ìyẹn náà sì jẹ́ tí ibi tó ń lọ bá jẹ́ ti root. Ó yọ ọ́, ó tún fún un ní 2.8! Ojú fèrèsé terminal àtijọ́ kan ló ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀, kò tíì ka profile.d. Ó jáde, ó tún wọlé, ó rí 3.16.9. Ẹni tó bá yí PATH lójú fèrèsé kan náà tí bash ṣì ń pe ti àtijọ́, hash -r ni.

Library náà wá rọrùn. Kọmpáílà 4.8.5 kan náà, -static-libstdc++ kan náà, àmọ́ torí pé .so lòun, CMAKE_SHARED_LINKER_FLAGS ló gbà á:

cmake -S . -B build -DCMAKE_BUILD_TYPE=Release -DCMAKE_SHARED_LINKER_FLAGS="-static-libstdc++ -static-libgcc"

Ẹ ṣọ́ra síbí díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo library lẹ lè ṣe báyìí sí. Tó bá jẹ́ pé C++ ló fi ń bá ètò tó ń lò ó sọ̀rọ̀, tó ń ju exception sí i, tó ń fún un ní std::string, libstdc++ méjì á wà nínú ètò kan ṣoṣo, exception tí ọ̀kan bá jù, èkejì lè má mú un. Tiwa yìí, header ẹ̀ tó wà níta, C pọ́ńbélé ni, extern "C" látòkèdélẹ̀, ìdí tí mo fi gbà nìyẹn. Mo ka header yẹn tán kí n tó ṣe é.

Àbúrò mi fi fáìlì kan tó ti gé nípàrí tẹ́lẹ̀ dán an wò, ó kà á dé òpin. A swapoff, a pa /swapfile rẹ́, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa padà. /opt/gcc-4.8.5 la fi sílẹ̀, torí library yẹn á tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì kọ gbogbo command wọ̀nyí pẹ̀lú checksum wọn sínú fáìlì kan ní /opt, mo ní kó ra bátìrì sínú ẹ̀rọ yẹn, kò tíì rà á títí di báyìí.